Ìwé Tí Mínísítà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Àbúrò mi,

Àwọn aṣòfin dìbò lánàá: mínísítà ìnáwó ni yóò wá sọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún wá bẹ àwọn olówó tó yá wa lówó kí wọ́n dárí gbèsè orílẹ̀-èdè wa jì wá.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Ojú ọ̀tún ìyá wa ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

Mínísítà yìí ni ọ̀gá báǹkì tó gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ bàbá wa nítorí gbèsè. Oṣù mẹ́ta péré ni bàbá tọrọ láti fi san án. Ọ̀gá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé fèsì pé: "Ẹni tó mọ owó ná kì í bẹ olówó." Mo fi ìwé náà sínú lẹ́tà yìí. Ìwọ ni ògbufọ̀ ìpàdé náà; fi ìwé náà fún alága àwọn olówó náà kí ọ̀gbẹ́ni náà tó lanu.

Èmi fẹ́ kí wọ́n lé e padà lọ́wọ́ òfo. Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o gbàgbé pé bí wọn ò bá gba owó yẹn mọ́, òun ni ìjọba máa fi ra oògùn ojú mi? Jẹ́ kí wọ́n dárí gbèsè náà jì wá, ṣùgbọ́n kí mínísítà kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ ka ìwé yẹn sí wọn létí." Mo gbà fún un.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí tán kí n tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ara mínísítà kò yá, pé igbákejì rẹ̀ ni yóò wá. N kò tíì rí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.