Wáífáì Ìran Keje àti Ojú Àǹtí Kékeré

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta
Ìpè ọ̀sẹ̀ yìí tún bàjẹ́. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n gbé fóònù sókè bí ẹni gbé dígí, wọ́n ń wá ojú àbúrò wọn. Ohùn ń wọlé, ó ń já. Àwòrán dúró gbagidi — dúdú, wẹ́wẹ́. Àǹtí Kékeré (orúkọ tí mò ń pe àbúrò Màmá láti ìgbà ọmọdé mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún) ní ara àwọn le. Màmá ní, ta ló béèrè ara? Ojú ni àwọn fẹ́ rí. Màmá ló pọn Àǹtí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó tó oṣù mẹ́ta tí wọn kò ti rí ojú yẹn dáadáa.

Ìyàwó mi, Adájọ́, dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ká ra Wáífáì tuntun, ìran keje tí gbogbo ayé ń sọ. Mo ní ká kọ́kọ́ wọn nǹkan ná. Ó ní iṣẹ́ mi ni kí n wọn ilẹ̀, kì í ṣe kí n wọn ìyá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gbẹ́ni Ìyára wá — ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì lópin àdúgbò wa. Kì í parí gbólóhùn kan láìsọ "ìyára". Ó ní tiwa, ìran karùn-ún, ti darúgbó. Mo bi í: fóònù Màmá, ṣé ó gbọ́ èdè ìran keje? Ó yí fóònù náà wò. Rárá, ṣùgbọ́n yóò ṣì ṣiṣẹ́. Mo bi í: wáyà tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta, ṣé yóò gbà ju bó ṣe ń gbà lọ? Rárá o, ìyẹn lọ́tọ̀. Mo ní, a jẹ́ pé géètì lẹ fẹ́ bá mi fẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣì dé ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ò ní jẹ́ ká jẹun."

N kò gàn án. Ilé tí ọmọ mẹ́wàá ti ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, tí Wáífáì aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì ń fún ara wọn lọ́rùn, lè nílò rẹ̀. Àwa mẹ́ta péré la wà níbí. Ojú ènìyàn kan lórí fóònù kì í ṣe ẹrù tó wúwo.

Ọjọ́bọ̀, 6
Òjò. Adájọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ Wáífáì. Kò bá mi sọ nǹkan mìíràn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo ti wọ̀n ọ́n. Lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ wà, ó ń sáré. Ní yàrá Màmá, kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni, irin kì í sì í jẹ́ kí Wáífáì jáde dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni. Nílé wa, láti ọjọ́ tí olè ti wọlé, ohunkóhun tó bá níye lórí, inú irin ló ń gbé: ìwé ilẹ̀, wúrà Adájọ́, Wáífáì. Màmá pàṣẹ, èmi lu ihò tí wáyà gbà wọlé, Adájọ́ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.

Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ìran keje ọ̀hún ì bá kàn bá ìwé ilẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ni. Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde sórí àpótí ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáífáì wá ń sáré ní yàrá Màmá náà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Àwòrán kò já mọ́. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, dúdú. Mo wò ó láti ẹ̀yìn èjìká Màmá: mo rí òdòdó ara kọ́tìnnì lọ́dọ̀ Àǹtí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú nìkan ni n kò rí. Àǹtí kẹ̀yìn sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀.

Màmá ní, "Ṣé kò tíì tó ni? Ẹ ra tuntun yẹn jàre."

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọmọ Àǹtí pè mí níbi iṣẹ́. Ó gbọ́ pé a ń tún Wáífáì ṣe. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bó ṣe wà sílẹ̀." Àìsàn ni. Ó ti pẹ́. Ó ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àǹtí tán. Àǹtí fúnra wọn ló ní kí wọ́n máa gbé àga kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí wọ́n sì máa di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kò gbọdọ̀ fi irú ojú yìí rántí àwọn.

Mo ní mo ti gbọ́. N kò ṣèlérí. N kò sì kọ̀.

Ọjọ́rú, 12
Mo ti di òpùrọ́ láìlanu. Bí mo bá ra ẹ̀rọ tuntun, Màmá yóò máa bá ẹ̀rọ jà títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Bí n kò bá rà á, ahun ni mí. Adájọ́ ń wò mí. Ó mọ̀ pé nǹkan wà. N kò lè sọ fún un, ẹjọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo lè wọ̀n ti tán. Èyí tó kù: ta ló ni ojú yẹn — ẹni tó ń gbé e kiri, àbí ẹni tó pọ̀n ọ́n?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Màmá ti pe Ọ̀gbẹ́ni Ìyára fúnra wọn. Ọ̀la ló ń bọ̀, ṣáájú ìpè.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ó dé. Ó tú páálí sórí tábìlì — àǹtẹ́nà káàkiri bí ẹsẹ̀ alákàn. Ó ń sọ fún Màmá pé àbúrò wọn yóò dà bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ yìí gan-an. Màmá ti fi yẹtí sétí. Wọ́n ti kun pàúdà. Mo wo pàúdà yẹn. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Mo sọ ìyókù. Kò gùn. Ọ̀gbẹ́ni Ìyára dá ọwọ́ dúró, kò sọ ohunkóhun nípa ìyára. Adájọ́ di ọwọ́ Màmá mú. Màmá kò sunkún. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀ padà, kó má bínú. Wọ́n tẹ nọ́ńbà Àǹtí fúnra wọn.

Òkùnkùn yẹn yọ, òdòdó kọ́tìnnì lẹ́yìn rẹ̀. Màmá pe Àǹtí lórúkọ kan tí n kò gbọ́ rí, orúkọ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní, "Yí àga yẹn padà. Ṣé èmi lò ń sá fún? Èmi tí mo nu ìdí ẹ?"

A gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí Àǹtí lójú.

N kò ní kọ ohun tí mo rí. Àwòrán kò já. Kò já lẹ́ẹ̀kan títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán — èmi sì dúró sẹ́yìn àga Màmá, mò ń gbàdúrà pé kó já.