Kàsíyé Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé Ẹjọ́

Akparé, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo jẹun àárọ̀ tán

Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lomé? Ara ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, aládùúgbò rẹ tó máa ń bá ọ mójú tó wọn ńkọ́? Bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìwé yìí dé, mo kí ọ kú iṣẹ́. Bí o bá jókòó, kú ìjókòó. Bí òjò bá sì ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kú òjò. Àwọn baba ńlá wa kò ní gbàgbé ọ. Òkun Lomé tí mo ń gbúròó rẹ̀ yẹn kò ní mọ orúkọ rẹ. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń kọlu ènìyàn, o ti kọjá níbẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, àṣẹ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó ní ilẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, ọwọ́ ló gbó, kì í ṣe orí. Ilé dára. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ Igbẹ́kọ̀yí ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an, kò gbọ́ràn. Igbẹ́kọ̀yí alára fi páànù bo ilé ìdáná, ó ní ayé koríko ti lọ, ìgbà tí òjò sì rọ̀ ni a rí i pé inú koríko la ti ń gbádùn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé tóbi, dákun wá ibì kan jókòó kà á. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olùkọ́, ọmọ mi. Èmi, olùkọ́! Ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, ojú ewé mẹ́rìnlá ni, mo ti fọwọ́ sí mẹ́tàlá. Ojú ewé kan tó kù, ìwọ nìkan lo lè ràn mí lọ́wọ́ lórí rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa gbà á kẹ́yìn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan wá láti Atakpamé, wọ́n kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Màdámù Bérénice ni orúkọ olórí wọn, kò tíì dàgbà tó ọ, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀, àgbà á dákẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ máa kọ́ bàbá àti ìyá ní ọmọ títọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló dí. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní aṣọ rírán, wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n ọmọ títọ́ kẹ̀? Ọmọ á dé, a ó sì máa tọ́ ọ lọ, bó bá ṣe jọ ni. Màdámù ní rárá o, ẹ̀kọ́ ni, ó ní ìwé, ó ní àwòrán, ìgbà méjìlá ni wọ́n máa ń kọ́ ọ, wákàtí méjì méjì, ìdílé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́ẹ̀kan. Ó ní wọ́n máa ń kọ́ni bí a ṣe ń bá ọmọ tí inú ń bí sọ̀rọ̀, àti bí bàbá ṣe lè gbé ọmọ ọwọ́. Bàbá, kí ó gbé ọmọ ọwọ́! Mo wo àwọn ọkùnrin yòókù, gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

O mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí. Bàbárímisá, bàbá mi rí mi, ó sá lọ sọ́run, mi ò rí ẹni tí mo wò kọ́ṣẹ́ bàbá. Láti ìgbà tí a ti bí Igbẹ́kọ̀yí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí mi ò kọ́, tí mò ń ṣe é bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú igbó, tí mi ò sì mọ̀ pé àwọn kan jókòó níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu yà mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú àwọn obìnrin. Nígbà tí Màdámù wá ní kí ìlú mú ẹnì kan tí wọn yóò kọ́, tí yóò wá máa kọ́ àwọn tó kù, àwọn obìnrin yẹn kan náà ló pariwo orúkọ mi, wọ́n ní ta ló tún tọ́ ọmọ mẹ́ta láìsí ìyàwó ní Akparé yìí. Mo dìde, mo tún ṣòkòtò mi so.

Ni Màdámù bá fún mi ní ìwé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé cahier des charges. Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí gbọ́ Faransé díẹ̀. Cahier, ìwé tí ọmọ ilé ìwé ń gbé ni. Charge, ohun tí àwọn awakọ̀ ń pariwo ní Agbonou bí wọ́n bá ń di ẹrù sórí ọkọ̀ ni. Ìwé Ẹrù nìyẹn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ aráyé ní ọmọ títọ́, kí ó kọ́kọ́ rù ú kí wọ́n rí i pé ọrùn rẹ̀ gbà á. Ẹrù mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní kí olùkọ́ gbọ́ èdè àwọn tí ó ń kọ́, èyí kò wúwo. Ọ̀kan ní kí ó ti wà pẹ̀lú ọmọdé fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Mo ní mọ́kànlélógójì, Màdámù wò mí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú mi ló ṣe. Wọ́n ní ohun tí ìdílé kan bá sọ níbi ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ jáde, bí ọ̀rọ̀ inú ilé òrìṣà. Wọ́n ní bí olùkọ́ bá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹnì kan jókòó, ó ronú nípa ilẹ̀kùn nítorí ọmọ tí kò mọ̀ rí!

Àwọn tí yóò kọ́ àwa olùkọ́, inú fóònù Màdámù ni ọ̀kan nínú wọn ti bá wa sọ̀rọ̀, obìnrin kan, ó wà ní Lomé níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo ṣí fìlà, mo kí i dáadáa, mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́, Àyọ̀kẹ́, arẹwà, ó pupa díẹ̀. Ó ní Lomé tóbi, Bàbá. Mo ní kí ó ṣáà máa wá ọ bí ó bá jáde.

Ẹrù kẹfà ló wá gbé mi dé ilé ẹjọ́. Màdámù ní kí n lọ gba casier ní ilé ẹjọ́ Atakpamé, kí ó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ta ni kò mọ kàsíyé? Kàsíyé tí Joachim tó ni ilé ọtí ẹ̀bá títì ń to ìgò bíà sí. Ìwé Ẹrù kúkú ni, kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n béèrè ẹrù. Mo rò pé gbígbé ni n óò gbé e lọ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn ló dà mí láàmú, mo bẹ Joachim pé kí ó fún mi ní èyí tó tuntun jù, ó sì mú ọ̀kan wá tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, pupa fòò, ojú ihò mẹ́rìnlélógún. Ọlọ́kadà sẹ́míjàn ní kò sí ibi tí òun máa gbé e sí. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo dì í mú títí a fi dé Atakpamé, gbogbo ẹni tó rí wa lọ́nà ló ń kí wa kú ìnáwó.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí bóyá adájọ́ ló ní kí n gbé bíà wá. Mo ní rárá, kí wọ́n ṣáà wò ó ni, kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Wọ́n mú mi wọlé. Ọkùnrin kan tó jókòó ti ìwé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn dáadáa ni, ó nu ojú, ó fún mi ní àga, ó sì fi kàsíyé mi ṣe àlàyé fún mi. Ó ní ìjọba náà ní kàsíyé tirẹ̀, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní ojú ihò kan níbẹ̀, bí ènìyàn bá ṣẹ̀ tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀, wọn a ki ìgò kan bọ ojú ihò rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní òun máa bá mi wo tèmi. Háà! Mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú àyè sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo padà lọ gba ìwé tèmi, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, orúkọ ìyá mi, òǹtẹ̀ róbótó, lábẹ́ rẹ̀ wọ́n wá kọ NÉANT. Mo ní kí ni èyí. Ọkùnrin náà ní òfo ni, pé wọ́n wò, wọn ò rí nǹkan kan. Àyọ̀kẹ́, mo jókòó padà. Gbogbo Togo, láti òkun títí dé Dapaong, wọ́n wá ẹ̀ṣẹ̀ mi, wọn ò rí i! Mo gbé ìwé yẹn wálé bí ẹni gbé ẹyin. Gbogbo Akparé ló wò ó, àní Joachim fẹ́ gba ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ sí ilé ọtí. Wọ́n ń yọ̀ fún mi, èmi náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó di pé mo dá wà, inú mi kò dùn mọ́, nítorí mo mọ̀ pé ibi tí kò sí ni wọ́n ti wá a.

Ẹrù kọkànlá ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ojú ewé kan ni, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀, pé mo fi iyì mi búra pé mi ò lu ọmọ kankan débi pé ó fara pa rí. Ògúnsanwó tí àwọn ará Agbonou yàn ní olùkọ́ tiwọn, kí Màdámù tó kà á tán ó ti fọwọ́ sí i, ó sì tún ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ògúnsanwó, tí ẹgba rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀! Ó kàn mí. Mo mú bíìkì ìkọ̀wé, ọwọ́ mi kò lọ.

Ọmọ mi, a kò sọ ọ́ rí láti ọdún méjìlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú. O fi gèlè rẹ̀ pọn Aymar àbúrò rẹ lọ sódò, ẹ̀gún sì fà á ya. Gèlè yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, mo máa ń mú un gbóòórùn bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí. Mo tú rọ́bà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èyí tí mo fi ń di ẹrù, mi ò wo ìkọ́ irin tó wà lẹ́nu rẹ̀. O mọ ibi tó bà ọ́, lókè ojú òsì. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló ṣe ọmọ. Ìwọ lo dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ, o ní o ṣubú lu ọlọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo ra àkàrà fún ọ lọ́nà, a wálé.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Mo ti sọ òwe yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo wá ń ronú ibi tí ọwọ́ òsì mi wà lọ́jọ́ yẹn. Gèlè tó ya ló ń dì mú.

Ó dùn mí, Àyọ̀kẹ́. Ó ti ń dùn mí tipẹ́, mo kàn ń fi àgbà bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Kì í ṣe torí ìwé yìí ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́, ìwé yìí ló kàn wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

Mo pe Màdámù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ díẹ̀ fún un. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òfin ni òfin, pé ìgbìmọ̀ lè torí rẹ̀ kọ̀ mí, ṣùgbọ́n àyè òfo kan wà lábẹ́ gbólóhùn náà tí a lè kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ sí, wọ́n á sì kà á kí wọ́n tó pinnu. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo ní èmi kọ́ ló yẹ kó kọ ọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ gbé àpá náà ni. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí o, n ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú méjìlá yẹn, ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tí a bá ti nà sókè ni, mo sì fẹ́ kí àwọn ọkùnrin Akparé gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n má ṣe é, n ò ní ṣe é, n ò sì ní bínú.

Mo ti fi ojú ewé náà sínú ìwé yìí. Jọ̀ọ́ fi í rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí Jímọ̀ yẹn tó pé. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sínú fóònù Igbẹ́kọ̀yí, torí wọ́n ń béèrè fọ́tò méjì, láìdé fìlà, láìrẹ́rìn-ín, mo sì ṣẹ́ etí kàsíyé Joachim kan nígbà tí mò ń bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bí kò bá sí, má wulẹ̀ yáwó.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, wọn kò ní fi ẹ̀rù wò ọ́. Ìyá rẹ á máa rìn níwájú rẹ. Ibi tí o bá lọ, wọ́n á fún ọ ní ìjókòó.

Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, Àyọ̀kẹ́, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Má kọ pé o ṣubú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbárímisá