Ẹ̀rọ Afọ̀nàhàn Tí Mo Ti Fi Ṣe Fáàrí

Akaka Rẹ́mọ,
Oṣù Kọkànlá, 1998.

Bọ̀dá Boaz, ẹ kú àjò. Ìyàwó yín ńkọ́? Orúnkún Màámi ti ń san. Èmi náà ti ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó wà á bíi tèmi!

Ṣùgbọ́n mo ti há. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹ ti fi ẹ̀rọ ìléwọ́ tó ń fọ̀nà han awakọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ló bá ní tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà, èmi ni mo máa kó èrò.

Ẹ bá mi ra ọ̀kan, àmọ́ ẹ má ra èyí tó ní máàpù, ó wọ́n. Ẹ ra èyí tómi ò lè bà jẹ́, tó ń lo bátìrì kékeré. Ẹ fi Yorùbá kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Olúwa á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fi í ránṣẹ́: Màámi ní òun ló máa kọ́kọ́ wọkọ̀.

Ephraim