Ikọ́ Tó Máa Ń Ṣáájú Ìpè

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún, nítorí gbogbo ènìyàn ló gbà pé èmi lọmọ yín tí kì í bẹ̀rù. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé irọ́ ni.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì ń ṣí ìsọ̀ yín ní ọjà Missèbo láràárọ̀, mo ń tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ àlòkù, mo ń gbọ̀n wọ́n, mo ń tò wọ́n. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, mo máa ń lọ bá àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lórí pápá oníyanrìn ní Cadjèhoun. Bí bàálù bá ń fò kọjá lórí wa, ẹ̀yin máa ń dákẹ́ títí yóò fi lọ, tí ìka yín yóò ṣì nà sókè. Èmi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bá bàálù pariwo, bàálù ló sì máa ń borí.

Fídíò tí ẹ ṣe sínú fóònù ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ ó rántí bí ẹ ṣe máa ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá, tí ẹ ó to ìdérí ìgò lé e: búlúù ni tiwa, pupa ni ti àwọn tí à ń bá gbá. Orógbó ni bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó sì jẹ bọ́ọ̀lù náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìdẹkùn ọ́fúsáìdì. Bí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ gbá a síwájú, kí àwọn mẹ́rin tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wa sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí atamátàsé wọn ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kí rẹfirí fọn fèrè. Ẹ ó wúkọ́, ẹ ó pariwo "Ẹ jáde!", ìka yín yóò sì ti búlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n nílé, Ìyá wà ní ilé ìdáná. Ó gbọ́ ohùn yín, ó dáhùn: "Ẹ̀ẹ́n, mò ń bọ̀." Ó yọ síta pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. A kò lè wo ojú ara wa.

Àwọn ọmọ tí ẹ fúnra yín kọ́ kò ní ìṣòro. Wọ́n á wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ti gbà wọ́n lọ́wọ́ wa báyìí, àwọn ọmọ tuntun ló sì bọ́ sí ẹ̀yìn. Fídíò kan náà ni mo fi hàn wọ́n. Ìka yín ń sáré, orógbó ń yí, ohùn yín ń sọ̀rọ̀, ojú wọn kò mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. Wọ́n mi orí pé ó yé àwọn. Mo gbà wọ́n gbọ́.

A wá bá àwọn ará Godomey gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan tó dúró létí pápá wúkọ́. Bàbá, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó gún régé, ó sì dára wò! Àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù síwájú. Ọmọ Godomey tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kàn gba àárín wọn kọjá ni. Ràfíátù, aṣọ́lé wa, ló kù ní òun nìkan. Ó ju ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, orúnkún ọmọ náà sì bà á lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo gbé e kúrò lórí pápá.

Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, Sílífátù tó dàgbà jù nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu. "Tántí, ṣebí tí Bàbá bá ti wúkọ́, ká jáde ni?"

Mo padà wo gbogbo fídíò náà. Òótọ́ ni. Kò sí ibi tí ìpè yín ti wá láìsí ikọ́ níwájú rẹ̀. Mo bi àwọn àgbà ọmọ, wọ́n ní àwọn náà kì í dúró de ìpè. Gbogbo wa ló gbọ́ ikọ́ yẹn, a sọ ọ́ di fèrè. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ bí ikọ́. "Eruku aṣọ ni," lẹ máa ń wí, ẹ ó sì fọ́ orógbó mìíràn.

Mo yí ọwọ́ padà. Mo dá fídíò dúró níbi tó ṣe pàtàkì, mo yọ fọ́tò rẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Kò sí ohùn, kò sí ohun tó ń sáré. Àwọn ọmọ tuntun ń mú un lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó tẹ́rùn, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn ín jẹ́jẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù. Ó ń yé wọn. Ràfíátù ti padà, ètè rẹ̀ ṣì wú, ó sì ń jágbe mọ́ wọn bí ìyá ọkọ.

Ó wá ku ìpè. Mo ní kí n fi ohùn tèmi ṣe fídíò tuntun fún wọn, èyí tí kò ní ikọ́ nínú. Mo to ìdérí ìgò sórí ẹní lọ́sàn-án àná, mo gbé fóònù lé bẹ́ẹ̀lì bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mo ṣe, ikọ́ wà níwájú "Ẹ jáde!" náà. Mo tún un ṣe. Ó tún wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé mo wúkọ́ rárá, Bàbá.

Ṣé àṣà yín ni mo kọ́, bí àwọn ọmọ yẹn ṣe kọ́ ọ? Àbí eruku ni lóòótọ́? Àbí àìsàn tó mú yín lọ ló ti dé ọ̀dọ̀ mi? Báwo ni tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ nínú fídíò, tí ẹ fi pa mọ́ fún wa?

Ìyá bi mí láti ilé ìdáná pé kí ló ń ṣe àyà mi. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Eruku aṣọ ni, Ìyá." Ìró ṣíbí dákẹ́ nínú ìkòkò.

Láàárọ̀ yìí mo rí aṣọ ìró tí Ìyá máa ń ró lọ sóde, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ orí àga. Ọjọ́ Ajé la ó lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wa ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ibẹ̀ lẹ máa ń dé tí ẹ ó fi yí padà bí a bá ń mú yín lọ sí ọsibítù: ó di ẹ̀yìn ọjà, ó di ẹ̀yìn ìdíje. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi yóò fẹ́ dúró síbẹ̀ náà.

Nítorí náà, Bàbá mi, bí Ìyá bá ti gbé báàgì rẹ̀, tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí n kò lè kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí n jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n kí ẹ má wúkọ́ kí ẹ tó pè.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fetí sílẹ̀.