Orúkọ Ìyá Àwọn Mọ́kànlá

Ilé Sàlíhù Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Abúlé Ìdí-Ọsàn, lẹ́bàá Ìwó.
Ọjọ́bọ̀.

Munirah Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ bí o ṣe ń jí ní Ìdí-Àràbà, mo kí ọ bí o ṣe ń dé ibi iṣẹ́ ní Ìpọ̀nrí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Àwọn tí o ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn náà kò ní fẹsẹ̀ kọ. Àwọn ará Ìjọra nìkan ni yóò máa fẹsẹ̀ kọ títí sáà bọ́ọ̀lù yóò fi parí, bí èyí bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àmín.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ ti ilé, a wà. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan jọ bàbá rẹ̀, èkejì kò jọ òbúkọ kankan ní abúlé yìí, mo sì ń ṣèwádìí. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìpara tí o fi ránṣẹ́ kò tíì kàn án, torí mo kọ́kọ́ fi pa ẹsẹ̀ àga kan fún ọjọ́ mẹ́ta ná, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń jẹ nǹkan. Títí di àárọ̀ yìí, kò tíì ṣe àga náà ní nǹkan kan, mo ṣì ń wò ó.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí mo ti ra fóònù fún un. Fóònù náà wà, mo fi aṣọ wé e sínú àpótí irinṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán an. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa. Bí mo bá pè ọ́, tí a sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn, á já a, á wá sọ fún mi pé owó mi ti tán. Báwo ló ṣe mọ iye owó mi? Bí ó bá mọ iye owó mi, ó mọ ohun tí a ń sọ nìyẹn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ọmọ ta ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ló fẹ́ràn, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn, ará Ìjọra ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, tí mo fi rán Àkàngbé tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà Ìpọ̀nrí. Wo ẹ̀yìn àpòòwé náà dáadáa kí o tó ya á. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi bírò fa ìlà gba orí ibi tí mo lẹ̀. Bí ìlà náà kò bá bá ara rẹ̀ mu mọ́, Àkàngbé ti kà á.

Ọ̀rọ̀ Rófásì wa ló gbé mi dé ìdí bírò. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé o ti parí ẹ̀kọ́ rẹ, pé iṣẹ́ tí o rí ni kí o máa fi ìpara ra itan àti orúnkún àwọn géńdé ọkùnrin, inú mi ò dùn, mo ní ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ ta gbogbo pákó ìrókò mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìpọ̀nrí Rófásì ni, mo ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn ní Muṣin ni mo ti ń tẹ̀lé wọn. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe já kúrò nínú líìgì ńlá lọ́dún méje sẹ́yìn. Àwọn ará Ìjọra ló tì wọ́n jáde, bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọwọ́ lè mú ni aṣọ́lé wa ìgbà yẹn jẹ́ kó gba abẹ́ itan òun kọjá. Títí di òní, mi ò gbà pé ojú lásán ni.

Ní báyìí wọ́n ti padà wọlé. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ìjọra náà la sì máa kọ́kọ́ bá gbá. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? O ní kọ̀ǹpútà ló tò ó. Ta ló ń tẹ kọ̀ǹpútà? Mi ò lójú kòkòrò o, mi ò ní dandan kí wọ́n gba ife. Ipò kẹrin tó mi. Kí Jeffrey atamátàsé wa gbá ogún bọ́ọ̀lù wọlé, kí Bright tó wà lẹ́yìn máa sáré díẹ̀ sí i, kí a na Ìjọra nílé, kí a nà wọ́n lóko, kí èmi náà lè jókòó síwájú ilé mi kí n rẹ́rìn-ín tó tẹ́ mi lọ́rùn kí n tó kú. Kóòṣì tuntun yẹn sì ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní ó gbá bọ́ọ̀lù fún Ìjọra nígbà kan rí, o ní ó ti pẹ́. Ẹni tó bá ti jẹun nílé èèyàn rí, ó mọ ọ̀nà ilé ìdáná wọn. Máa wò ó. Bí ó bá ń dá nìkan rẹ́rìn-ín, sọ fún mi.

Kí ìtìjú ọdún yẹn má bàa tún ṣẹlẹ̀, mo lọ bá Àfáà Muadh pé kó bá wa ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí n sì ṣe sàráà. Ó gbà. Ó ní lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ṣùgbọ́n kí n mú orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa kọ́kọ́ wọ pápá wá, kálukú pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí i. O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Orúkọ bàbá kò ṣe é gbára lé, ìyá ló mọ bàbá ọmọ. Bí a bá sì kàn ní Bright, Bright mélòó ló wà ní Èkó? Àdúrà náà á kàn máa rìn kiri Sùúrùlérè ni, kò ní mọ ilé tó máa wọ̀.

Orúkọ kan náà yẹn sì ni ọ̀tá fi ń ṣeni níbi, ohun tó jẹ́ kí n tètè fura sí ọmọbìnrin báǹkì kan nìyẹn. Mo lọ sí báǹkì ní Ìwó lọ́jọ́ Ajé láti gba owó sàráà. Mo ti gbàgbé nọ́ńbà tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀, torí mo ti pa á rẹ́ níbi tí mo kọ ọ́ sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú, Bàbá, kí ni orúkọ ìyá yín? Ara mi bù máṣọ. Owó mi ni mo wá gbà, kí ló kan ìyá mi? Mo ní ìwọ ńkọ́, kí ni orúkọ ìyá tìrẹ? Ó ní òun kọ́ ló fẹ́ gbowó. Mo wò ó, mo wò ó, mo ní Sínótù ni ìyá mi ń jẹ́. Irọ́ ni, ìyá Àkàngbé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ohunkóhun tó bá fẹ́ fi orúkọ náà ṣe, kó gba ọ̀dọ̀ Àkàngbé lọ, ara tirẹ̀ le. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ẹ̀rọ kò gbà. Ẹ̀rọ mọ̀ pé mo parọ́! Ta ló sọ fún ẹ̀rọ? Wọ́n ti ti àpò owó mi pa báyìí, wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tó mọ̀ mí wá. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Àkàngbé gbọ́.

Fọ́ọ̀mù àwọn olólùfẹ́ Rófásì tí o fi ránṣẹ́ náà, mo ti kọ ohun tí mo lè kọ sí i. Wọ́n bi mí pé bí nǹkan bá ṣe mí, ta ni kí àwọn pè. Kí ni wọ́n gbọ́ tó fẹ́ ṣe mí? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan kan ò ní ṣe mí. Wọ́n ní kí n lẹ fọ́tò mọ́ ọn, mo lẹ èyí tí mo yà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, kí ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò náà wá mi, kó wá mi títí kó má rí mi.

Ká padà sọ́rọ̀ àwọn orúkọ. Mo sọ fún ọ pé kí o wo inú ìwé àwọn ọmọ náà, kí o kọ orúkọ ìyá wọn fún mi. O ní o kò lè ṣe é, àṣírí ni ìwé ọ́fíìsì. Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rántí pé èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o kúkú bi àwọn fúnra wọn, o sì bi wọ́n, Ọlọ́run yóò máa gbọ́ tìrẹ. Mẹ́sàn-án sọ ọ́ láìjanpata. Ti Jeffrey kò tilẹ̀ la ìbéèrè lọ. Azeezah, ọmọ aládùúgbò mi, ti fi hàn mí nínú fóònù rẹ̀: ọmọ náà gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ síta lọ́jọ́ àwọn ìyá, ó kọ Gertrude sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ti tẹ ọkàn pupa sí i! Ọmọ yẹn kò lọ́gbọ́n. Ó tú ìyá rẹ̀ síta fún gbogbo Ìjọra. Oṣù tó tẹ̀lé e gan-an ló gbá pẹ́náítì sókè ọ̀run. Sọ fún un kó yọ ọ́ kúrò kíákíá. Àfáà ní Kìrìsìtẹ́nì ni Jeffrey àti Bright lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun yóò ṣe é fún wọn, pé àwọn méjèèjì náà ń bá wa lé Ìjọra.

Mẹ́wàá pé. Ó wá ku ẹyọ kan, ẹyọ náà ni Habeeb, aṣọ́lé wa. O ní o bi í, ó ní òun ò mọ orúkọ ìyá òun. Munirah, mi ò ní parọ́ fún ọ, ibi tó burú lọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Mo ní èèyàn wo ni kì í mọ orúkọ ìyá rẹ̀? Mo ní ó fi pa mọ́ ni, Ìjọra ti fún un lówó, ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí o pè mí lánàá tí o wá tú u fún mi, pé orí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí kan ní Muṣin ni wọ́n ti rí i nígbà tí kò tíì lè jókòó, pé bàbá arúgbó kan tó ń rán bàtà ló tọ́ ọ, pé bàbá náà ti kú, pé nígbà tí o bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní Àǹtí, ẹ kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Ojú tì mí fún ohun tí mo ti rò sí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo padà lọ bá Àfáà. Ó ní kò ṣòro, ẹni tí a kò bá mọ ìyá rẹ̀, ọmọ Àwáwù là ń pè é, torí Àwáwù ìyàwó Ànábì Ádámọ̀ ni ìyá gbogbo wa. Mo ní Àfáà, ẹ jọ̀wọ́, aṣọ́lé Ìjọra ńkọ́, ọmọ ta ni? Mo ní ọmọ Àwáwù ni tọ̀hún náà, àwa la máa ṣe sàráà, àwọn méjèèjì á sì jọ pín àdúrà náà dọ́gba. Gbogbo ọdún tí mo fi kan ilẹ̀kùn, mi ò rí ẹni tó ti fèrèsé mẹ́wàá pa kó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Àfáà ní kí n lọ wá orúkọ wá nígbà náà.

Mo ti wá a. Orúkọ ìyá rẹ ni. Lẹ́yìn tó bí ọ, ó wá ọmọkùnrin fún ọdún mọ́kànlá, kò rí i, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó máa ń ní géńdé méjìlélógún ń sáré lórí koríko, kò sí ẹyọ kan tó mú ọkọ́ dání. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Rófásì bá ń gbá, òun ló ń sá bátìrì rédíò sóòrùn fún mi. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìyá tó dára jù ú lọ fún ọmọ tó máa dá nìkan dúró sẹ́nu ilé. Àfáà ti kọ ọ́: Habeeb ọmọ Àmúdàtù. Nígbà tó kà á sókè, mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Sọ fún ọmọ náà pé ibẹ̀ kò ṣófo mọ́. Ṣùgbọ́n kó má lọ gbé e sórí fóònù o.

Owó sàráà wá kù. Jọ̀wọ́, fi owó ẹ̀wà àkàrà, epo àti ṣúgà rán Àkàngbé sí mi, kí o fi owó bátìrì mẹ́rin sí i, àti ti páànù bí agbára bá ká a. Má fi sí báǹkì. Ká a sínú aṣọ, rán aṣọ náà pa, kí o sọ fún Àkàngbé pé oògùn orúnkún mi ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú ìpè àná yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo dárúkọ Habeeb. Jeffrey tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ̀ẹ̀kan. Orúnkún mélòó ni aṣọ́lé ní? Bí a bá ti fi orúkọ yẹn ṣàdúrà lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ ìyá rẹ ló dà, èèyàn kì í sì í fẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kò tíì sọ fún mi, tètè ránṣẹ́ kí Jímọ̀ tó dé, kí n lè wá ìyá mìíràn fún un. Ìyá rẹ kò ní bínú. Ọ̀nà yòówù kí ọmọ náà gbà wọlé, ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu ilé wa, kó ṣọ́ ìwọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlíhù.