Bàbá Tíṣà àti Ọ̀pá Etí Omi Ìrèlè

Ìtàn ìgbésí ayé Olóògbé Ayọ̀kúnlé Ilésanmí (1943–2025)

Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1943 ni wọ́n bí Bàbá wa ní Igbemo-Ekiti, lásìkò tí wọ́n ń sá kòkó. Ilésanmí ni bàbá tó bí wọn, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ gùn láti ẹ̀yìn ìlú títí dé odò Ìrèlè, tó tún fo odò náà dé orí àpáta tó wà ní òdìkejì. Fadérera ọmọ Adó ni ìyá wọn. Ọmọ méjì ni ìyá yìí ti sin kí ó tó bí wọn, nítorí náà kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ odò rárá. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n máa ń wà. Bàbá dàgbà, wọ́n darúgbó, wọn kò mọ odò wẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1950, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Igbemo, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń lọ. Ní 1965, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tíṣà Gíréèdì Tú. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Adó-Èkìtì, ibi tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Adébáyọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2001, tí wọ́n sì padà sí Igbemo. Tíṣà tó máa ń kó ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì ni wọ́n. Wọn á ní òkè tí a kò gùn, a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1969 ni wọ́n gbé Mosúnmọ́lá níyàwó. Ìwé mẹ́ta péré ló kà. Oníbẹ̀rù ni, kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá húkọ́, yóò ti ilẹ̀kùn.

Ní 1986, wọ́n sé odò Ìrèlè, dáàmù sọ ọ́ di adágún. Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Ìrèlè ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bojú wẹ̀yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á fà sẹ́yìn, ilẹ̀ oko àtijọ́ á yọ síta, tòun ti ọ̀gán àti kùkùté kòkó. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè gba àárín rẹ̀ kọjá dé orí àpáta ní ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi á padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀, kì í sì í kan ilẹ̀kùn.

Bàbá ló dá Ìrìn Gálílì sílẹ̀ nínú ìjọ wa ní Igbemo ní 1989. Ní ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde, ní ọjọ́ Ajé, wọn á kó àwọn ọ̀dọ́ gba àárín Ìrèlè kọjá, wọn á kọrin lórí àpáta, wọn á jẹ ìrẹsì, wọn á padà. Ṣùgbọ́n Àjíǹde kì í dúró sójú kan. Ọdún mìíràn, oṣù kẹta ni, ilẹ̀ á gbẹ bí àwo. Ọdún mìíràn, á fà dé ìparí oṣù kẹrin, òjò á sì ti dé. Kàlẹ́ńdà ìjọ ló ń yan ọjọ́ fún wa. Òjò kò ka kàlẹ́ńdà. Ìdí nìyí tí Bàbá fi máa ń ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ létí omi, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lórí. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí omi bá ti kan ẹsẹ̀ ọ̀pá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá.

Ọdún 2011, Àjíǹde pẹ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ni Gálílì bọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mosúnmọ́lá rí èèrà tó ń ru ẹyin gun ògiri. Ó ní, “Bàbá Monínú, òjò ti rọ̀ lókè odò o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe Gálílì ọdún yìí nínú ọgbà ìjọ.” Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìyá Monínú, ká ní ìwọ lo tẹ̀lé Mósè ni, létí òkun ni Fáráò ìbá ti bá ọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mú ìró rẹ̀ kejì, ó tẹ̀lé wọn dé etí omi, ó jókòó síbẹ̀.

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá kà kí wọ́n tó kọjá. Wọ́n dé orí àpáta, wọ́n jẹun. Nígbà tí Bàbá ní ó tó àkókò láti padà, Olúyẹmí, tó jẹ́ olórí ọ̀dọ́ nígbà náà, ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kọ orin kan sí i. Àbí omi ń lé wa ni?” Orin kan di márùn-ún.

Omi náà kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Mosúnmọ́lá kàn rí i pé ibi tó jẹ́ ilẹ̀ ti ń dán. Àwọn ọmọ so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń bọ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé itan. Nígbà tí wọ́n gòkè, Bàbá kà wọ́n: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n tún un kà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti yọ ọwọ́, ó padà lọ mú bàtà Àjíǹde rẹ̀.

Bàbá wọ inú omi. Mosúnmọ́lá kígbe pé, “Bàbá Monínú, ẹ ò mọ odò wẹ̀!” Wọn kò wẹ̀yìn. Fìlà wọn nìkan ló ń rí, fìlà náà ń kéré sí i. Ó fẹ́ gbàdúrà. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pè léraléra, bí ẹni pé àwọn ló wà nínú omi.

Orí ọ̀gán ni ọmọ náà wà. Bàbá dì mọ́ ọ̀gán yìí, omi dé àyà wọn, ó ń lọ sí ọrùn, kí Sùnmọ́nù apẹja, ará Ìlọrin tó tẹ̀dó sétí dáàmù, tó fi ọkọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ó gbé ọmọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ fọwọ́ sílẹ̀.” Bàbá kò lè fọwọ́ sílẹ̀. Ìka wọn ni Sùnmọ́nù ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjọ fi ìwé ẹ̀yẹ dá Bàbá lọ́lá pé wọ́n gba ẹ̀mí là. Bàbá kọ ojú ìwé náà sí ògiri. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ fún ìyàwó wọn: “Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, omi ti kan ẹsẹ̀ ọ̀pá. Mo rí i. Mo fi bàtà mi bo ibẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí i. Wọ́n ti múra tán. Ojú tì mí láti dá wọn padà.”

Ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó tẹ ìwé yìí. Àwọn kan ní kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé ìsìnkú. Mosúnmọ́lá ní bí a bá sin ọ̀rọ̀ náà mọ́ Bàbá, ọmọ ẹlòmíràn la ó tún sin tẹ̀lé e.

Láti ọdún náà, Bàbá kò gba àárín Ìrèlè mọ́. Àdá ni wọ́n fi la ọ̀nà gígùn tó yí gbogbo omi ká, láàárín oko kòkó àti igbó, ọdún mẹ́ta gbáko. Òkúta mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Wákàtí mẹ́ta ni ìrìn náà. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀nà Ojo. Bàbá á ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ á jọ ṣojo dé ulé.” Yàtọ̀ sí èyí, ogún ọdún ni wọ́n fi ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, wọn kò sì jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún yìí, Bàbá lọ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ bí ìṣe wọn. Sùnmọ́nù ló bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi àfọ̀n, ẹ̀yìn wọn ti igi, bí ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Ẹ̀mí ti lọ. Ọ̀pá ti wà nínú ilẹ̀, aṣọ pupa ti wà lórí rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ọdún yìí, Àjíǹde tún pẹ́. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ni Gálílì. Olúyẹmí, tó ti di àgbà ìjọ báyìí, wá kí wa, ó ní àwọn ọ̀dọ́ ti tẹ àwòrán Bàbá sára ẹ̀wù, àárín Ìrèlè ni wọn yóò gbà láti fi bu ọlá fún wọn. Olúwabùsáyọ̀, ọmọ-ọmọ Bàbá, ni yóò ṣáájú. Ó fi fóònù han ìyá rẹ̀ àgbà: “Màmá, ẹ wò ó, ọ̀nà náà wà nínú ẹ̀, tààrà.” Mosúnmọ́lá bi í pé, “Omi ńkọ́? Ṣé òun náà wà nínú ẹ̀?” Ọmọ náà fi fóònù padà sápò.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Sùnmọ́nù àti Kúdírát ìyàwó rẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn. Bí wọ́n ṣe ń dìde ni Sùnmọ́nù ní, “Ẹ má bínú o, Màmá. Omi ti kan ẹsẹ̀ ọ̀pá Bàbá.”

Ẹ̀yin ẹni wa, ẹ gbọ́ ohùn òkú lẹ́nu alààyè. Ẹ gba Ọ̀nà Ojo. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ní Ìyá Monínú ló ní kí ẹ gbà á.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ ni Mosúnmọ́lá ìyàwó wọn. Àwọn ọmọ, Monínúọlá, Ṣọlápé àti Olúfúnkẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ, Olúwabùsáyọ̀, Pamílẹ́rìn àti Olúwadámiláre. Àti Oore-ọ̀fẹ́, tó ti di nọ́ọ̀sì ní Adó, ẹni tí Bàbá kò pè ní orúkọ mìíràn ju Ọmọ Kẹrìnlélọ́gbọ̀n lọ títí wọ́n fi kú.

Ní ọjọ́ Ajé náà, Mosúnmọ́lá yóò jókòó lórí òkúta funfun àkọ́kọ́. Yóò kà yín bí ẹ bá ń lọ, yóò kà yín bí ẹ bá ń bọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ dúró kí ó fọwọ́ kàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ó tún un kà.

Bàbá Monínú, orí ilẹ̀ gíga la tẹ́ yín sí. Ó gbẹ, a ti fọwọ́ kàn án wò. Omi kò ní dé ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ sílẹ̀ wàyí. Ẹ sùn re o.