Ẹkún Tí O Sun Lórí Ìwé

Adakpamé, Lomé

Josiane,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Mo bèèrè nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Inú mi kò dùn sí ọ rárá.

Mo gbọ́ pé lọ́jọ́ Sátidé o dìde níwájú ẹgbẹ́ òǹkàwé yín ní Agoè, o ní ìwé ìtàn àròsọ ló ń kọ́ni láàánú, pé òun ni yóò tún ìlú yìí ṣe. Wọ́n ní àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ gan-an.

Jẹ́ kí n rán ọ létí. Lóṣù kẹta, nílé iṣẹ́ wíìgì wa ní zone franche, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sókè òkun, o ń ka ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí oyún. O sunkún títí ojú rẹ fi wú. O ní, "Ìsìlámíyátù, ayé yìí mà burú o." Èmi ni mo bu omi fún ọ mu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oyún Rachelle fi hàn, Rachelle tó ń jókòó lápá òsì mi, tó máa ń kí ọ ní "Bonjour, tantie" láràárọ̀. Ìwọ ọ̀gá wa lo kọ̀wé pé ọ̀lẹ ni, tí wọ́n fi lé e. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́. O ní, "Má dá sí i. Èmi náà ní ọmọ tí mò ń bọ́."

Élise, òṣìṣẹ́ bíi tiwa tí kò mọ̀wé kà, ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní òun kò wọlé láìsí Rachelle. Mo jókòó tì í. Kó tó di ọ̀sán, a ti lé ní ọgbọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró de ẹrù, kò sẹ́ni tí yóò dì í. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe Rachelle padà. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀gbẹ́ wa lò ń gbà kọjá wọlé, o kò wojú ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ka ìwé yẹn, ìwọ lo yá mi. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ìwé kò lè ní kí o fi iṣẹ́ rẹ wewu nítorí òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún ọ láti ṣàánú rẹ̀. Má ránṣẹ́ pè mí sí ẹgbẹ́ yín mọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ àti àwọn ọmọ rẹ. Kí ó má sì fi wọ́n sábẹ́ ọ̀gá tó dà bí ìwọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́,
Ìsìlámíyátù

Àfikún: Rachelle bí obìnrin lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo sọ ọ́, kí o lè mọ̀ pé a ti sọmọ lórúkọ, a kò sì pè ọ́.